Ẹ̀KỌ́ KEJÌDÍNLÓGÚN: BÍ ÀLEJÒ ṢE Ń DI ỌMỌ ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Lónìí a ó ka ọ̀rọ̀ kan tó kan ọ̀pọ̀ nínú wa ní agbègbè Atakpamé yìí. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ wo ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìparí ẹ̀kọ́, kí ẹ sì padà wá tún un kà.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyí: Ta ni ọmọ orílẹ̀-èdè? Ta ni àlejò? Ọ̀nà wo ni àlejò lè gbà di ọmọ orílẹ̀-èdè?

1. ẸNI MẸ́TA NÍNÚ ỌJÀ

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ọjà Atakpamé. Ẹni mẹ́ta jókòó sí ìsọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn.

Ẹni kìíní ń ta iṣu àti gaàrí. Ifẹ̀ ni, ará Gnagna. Àwọn baba ńlá rẹ̀ máa ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá. Atakpamé ni wọ́n bí òun sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n sin bàbá bàbá rẹ̀ sí.

Ẹni kejì ń ta aṣọ. Ogbómọ̀ṣọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, ìyá àti bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará ibẹ̀. Ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Atakpamé. Ó gbọ́ Ifẹ̀, ó gbọ́ Ewé, ó sì gbọ́ Faransé inú ọjà. Bí òkú bá kú ní àdúgbò, òun náà ń dá owó.

Ẹni kẹta jẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní ọdún 2009. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ọṣẹ àti tòmátì inú agolo. Ará Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Tógò ni ìyá rẹ̀. Kò dé Nàìjíríà rí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọ́ ara wọn. Bí ẹni kìíní bá sọ Ifẹ̀, tí ẹni kejì sì dá a lóhùn ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ wọn yóò wọ̀. Ta ni ọmọ Tógò nínú wọn? Ẹ kọ èrò yín sínú ìwé yín kí ẹ tó tẹ̀síwájú. A ó dáhùn rẹ̀ láìpẹ́.

2. BÍ ÀÀLÀ ṢE DÉ

Nígbà àtijọ́, kò sí orúkọ Tógò, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Nàìjíríà lórí ìwé. Àwọn Ifẹ̀ ti tẹ̀dó sí àárín òkè Atakpamé kí òyìnbó tó wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí kúrò ní ìlú kan yóò di ẹrù rẹ̀, yóò kí ọba ìlú tó dé, wọn yóò fún un ní ilẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá gbé ìyàwó níbẹ̀, wọ́n ti di ará ìlú.

Ní ọdún 1884 ni àwọn ará Jámánì bu ọwọ́ lùwé ní Togoville. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí jọba lé Tógò lórí. Ní ọdún 1897, Jámánì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ààlà láàárín Tógò àti Dahomey. Ààlà náà pín àwọn Ifẹ̀ sí méjì. Àwọn ará Tchetti bọ́ sí ìhà Dahomey, èyí tó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1975. Àwọn ará Atakpamé bọ́ sí ìhà Tógò. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ títí di òní, ṣùgbọ́n ìwé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ogun dé ní ọdún 1914. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá tí wọ́n kọ́ sí Kamina, nítòsí wa níbí, kí ọ̀tá má baà rí i lò. Lẹ́yìn náà Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín Tógò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Apá ti Faransé ni ó gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960.

Nígbà tí òmìnira dé, ìjọba níláti sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Tógò àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Òfin kìíní lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1961. Òmíràn tó gbòòrò jù ú lọ jáde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnu àwọn àgbà ń ṣe tẹ́lẹ̀.

3. ÌDÍ TÍ ÌWÉ FI ṢE PÀTÀKÌ

Àwọn kan lè sọ pé, “Gbogbo ìlú ló mọ̀ mí. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?” Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà.

Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Gánà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń ṣòwò ní Accra, ní Kumasi, ní Tamale àti ní àwọn ìlú kéékèèké. Àwọn kan ti kọ́lé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélé wá ìwé náà láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde kúrò ní Gánà.

Ọjọ́ 14 péré! Ta ni ó lè sin gbèsè àti owó ogún ọdún láàárín ọjọ́ 14? Àwọn ènìyàn ta ọjà wọn ní pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn fi kọ́kọ́rọ́ ilé fún aládùúgbò, wọ́n sì wọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ gba Lomé àti Cotonou kọjá lọ sí Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí kò mọ Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìnísà rí dé ìlú bàbá wọn gẹ́gẹ́ bí àjèjì.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà ìjọba Shehu Shagari, wọ́n ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Tógò àti ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe báàgì ńlá onílà-ń-là yẹn ní “Ghana Must Go”.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan nínú ìtàn méjèèjì. Òfin kò béèrè iye ọdún tí ènìyàn ti lò. Kò béèrè bóyá ó gbọ́ èdè ìlú. Kò béèrè iye òkú tí ó ti bá ará àdúgbò sin. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: ìwé rẹ dà?

Àwọn àgbà ní, igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìgbà tí ara rọ̀ ni a ń wá ìwé.

4. Ọ̀NÀ MẸ́TA

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ tí ènìyàn fi ń jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ọ̀nà kìíní ni ìbí. Ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò jẹ́ ọmọ Tógò. Láyé ọjọ́un, ọ̀dọ̀ bàbá ni òfin 1978 kọjú sí jù. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1992 kọ ọ́ pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò, ọmọ Tógò ni. Òfin àwọn ọmọdé tó jáde ní ọdún 2007 sọ bákan náà.

Ọ̀nà kejì ni ìgbéyàwó. Òfin 1978 kọ ọ́ pé obìnrin àlejò tó bá fẹ́ ọkùnrin ọmọ Tógò lè tipa bẹ́ẹ̀ di ọmọ Tógò. Òfin kan náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin àlejò tó fẹ́ obìnrin ọmọ Tógò. Ẹ rántí pé ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú ìjọba, tó ní ìwé, ni a ń sọ. Èyí tí a ṣe nílé nìkan, tí kò sí ìwé rẹ̀ ní mérì, kò tó fún ọ́fíìsì.

Ọ̀nà kẹta ni ìgbàṣọmọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdílé lè gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́, kí ó sì di ọmọ ilé, kí ó máa jẹ́ orúkọ ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè ṣe lè gba àlejò ṣe ọmọ. Orúkọ tí ẹ ó rí lórí ìwé ìjọba ni naturalisation.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sí ìsọ̀ mẹ́ta náà.

Oníṣu ará Gnagna jẹ́ ọmọ Tógò nípa ìbí. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú naturalisation. Bí ẹnìkan bá sọ fún un pé, “Èdè Nàìjíríà ni ò ń sọ, ará ibẹ̀ ni ọ́,” irọ́ ni. Èdè kì í ṣe ìwé, Ilé-Ifẹ̀ tí àwọn baba rẹ̀ ti wá kò sì sọ ọ́ di àlejò. Ohun tí ó níláti gbà ni ìwé tó jẹ́rìí sí ohun tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé náà ń jẹ́ certificat de nationalité.

Ọmọbìnrin ọlọ́ṣẹ jẹ́ ọmọ Tógò láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Òun náà kò nílò naturalisation. Ìwé ìbí tirẹ̀ àti ìwé ìyá rẹ̀ ni yóò fi hàn.

Aláṣọ ará Ogbómọ̀ṣọ́ jẹ́ àlejò síbẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n ọdún rẹ̀. Ọdún tí ènìyàn lò kì í sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀. Ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn kí ó lè béèrè ni. Bí kò bá béèrè, ilẹ̀kùn yóò ṣí sílẹ̀ lásán.

5. OHUN TÍ ÌJỌBA Ń WÒ

Àwọn ohun wọ̀nyí wà lára ohun tí òfin 1978 ń wò lára ẹni tó fẹ́ kí Tógò gba òun ṣe ọmọ:

(a) Ọdún. Ó níláti ti máa gbé ní Tógò fún ọdún 5 títẹ̀lé ara wọn kí ó tó kọ̀wé.

(b) Ìdúró. Ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ níláti wà ní Tógò. Ẹni tó ń wá ta ọjà fún oṣù méjì tó sì ń padà sílé kò tíì dúró.

(d) Ìwà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti sọ sẹ́wọ̀n fún ìwà ọ̀daràn. Ìwé tí ilé ẹjọ́ ń fún ènìyàn lórí èyí ni casier judiciaire.

(e) Ìlera. Dókítà ni yóò kọ ìwé rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 béèrè ọdún 15 dípò 5. Òfin Gánà ti ọdún 2000 fẹ́ kí àlejò lè sọ èdè ìbílẹ̀ Gánà kan, kí ó sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ ní Accra tàbí ní Èkó wá lò ní Lomé.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ? Ẹni náà yóò kọ lẹ́tà sí mínísítà ètò ìdájọ́ ní Lomé, yóò sì kó àwọn ìwé rẹ̀ tì í. Ìjọba yóò ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Bí ìjọba bá gbà, àṣẹ kan yóò jáde tí à ń pè ní décret. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọba tó ń jẹ́ Journal officiel. Àṣẹ yìí ni ó ń sọ àlejò di ọmọ Tógò. Lẹ́tà tí a kọ kò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, owó tí a san kò sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún mọ èyí: bí àlejò bá pé gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀, ìjọba ṣì lè má gbà. Ọmọ tí a gbà tọ́ kì í fi ipá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ lónìí sí ti àná, ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ń sọ pé, “Mú owó wá, n ó bá ọ ṣe é lọ́la.” Ìwé èké máa ń jẹ ẹni tó gbé e. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé irọ́ ni a fi gba ìwé, ìjọba lè gbà á padà, ẹni náà yóò sì rí ẹ̀wọ̀n.

6. ORÚKỌ YÍN LÓRÍ ÌWÉ

Níbí ni ìwé kíkà ti wúlò jù. Àwọn akọ̀wé tó kàwé ní Faransé ń kọ orúkọ wa bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ:

Àjàyí: Ajayi, Adjayi
Ṣọlá: Sola, Shola, Chola
Wálé: Wale, Oualé

Bí ìwé ìbí yín bá sọ Ajayi, tí kàádì yín sì sọ Adjayi, ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì lè sọ pé ènìyàn méjì ni. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọdún kan yóò dúró nítorí lẹ́tà kan. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ orúkọ yín ni kí ẹ wo ìwé náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá délé. Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ ọ́, kí ẹ sì dúró lé e.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ẹ ó máa rí lórí ìwé. Ẹ kọ́ láti dá wọn mọ̀:

NOM: orúkọ ìdílé
PRÉNOMS: orúkọ tí wọ́n sọ yín
NÉ LE (ọkùnrin), NÉE LE (obìnrin): ọjọ́ tí wọ́n bí yín
NÉ VERS, NÉE VERS: wọn kò mọ ọjọ́ náà, ọdún tí wọ́n fojú dá ni
À: ìlú tí wọ́n bí yín sí
FILS DE, FILLE DE: ọmọkùnrin ẹni báyìí, ọmọbìnrin ẹni báyìí
PROFESSION: iṣẹ́ yín
DOMICILE: ibi tí ẹ ń gbé
NATIONALITÉ: orílẹ̀-èdè tó ni yín

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ńkọ́? Bí ẹ bá bímọ, ẹ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní mérì láàárín ọjọ́ 45. Ìwé ìbí kò sọ ọmọ àlejò di ọmọ Tógò. Ó ń jẹ́rìí ibi tí wọ́n bí i sí, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti àwọn tó bí i. Láìsí ìwé náà, kò sí ìwé mìíràn tí ó lè tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí rẹ̀ àfi ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò CEPD, tí olùkọ́ sì ní kí ó mú ìwé ìbí wá. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ilé ẹjọ́ ni ẹ ó lọ kí wọ́n tó lè ṣe é. Ìwé ilé ẹjọ́ yẹn ni jugement supplétif.

7. ÌYÁ ALÁṢỌ ÀTI OLÙKỌ́

Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì ka apá yìí sókè. Kí ẹnìkan ṣe ìyá, kí ẹnìkejì ṣe olùkọ́.

ÌYÁ: Olùkọ́, ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá di ọmọ Tógò, ṣé wọn ò ní gba ilé bàbá mi ní Ogbómọ̀ṣọ́?

OLÙKỌ́: Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà kò pàdánù rẹ̀ nítorí pé orílẹ̀-èdè mìíràn gbà á.

ÌYÁ: Kò séwu nígbà náà.

OLÙKỌ́: Ó ku ohun kan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ̀wé sí ìjọba Nàìjíríà pé ẹ kò ṣe ọmọ ibẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé kankan níbí, ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ orílẹ̀-èdè yín àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń bu ọwọ́ lù.

ÌYÁ: Ẹ̀ka ìka ni mo máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀.

OLÙKỌ́: Ìdí tí ẹ fi ń wá síbí ní alẹ́ nìyẹn, ìyá mi.

ÌYÁ: Bí n kò bá fẹ́ di ọmọ Tógò ńkọ́? Ṣé wọn yóò lé mi?

OLÙKỌ́: Kì í ṣe dandan, ìyá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO bu ọwọ́ lùwé ní Dakar pé ọmọ ẹgbẹ́ náà lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba ìwé ìgbélé, ìyẹn carte de séjour. Àlejò tó ní ìwé ìgbélé kò rú òfin. Ó lè gbé, ó lè ṣòwò.

ÌYÁ: Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ wá?

OLÙKỌ́: Ìwé ìgbélé ní ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ ó máa tún un ṣe. Àlejò kì í dìbò yan ìjọba. Bí àṣẹ bíi ti Gánà 1969 bá sì jáde, àlejò ni yóò bá wí. Ọmọ orílẹ̀-èdè wà nílé rẹ̀.

ÌYÁ: Ó yé mi. Ṣùgbọ́n odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

OLÙKỌ́: Òótọ́ ni, ìyá. Ìwé kò ní kí ẹ gbàgbé orísun yín. Oríkì yín kò sí lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ìwé kàn ń sọ ibi tí òfin ti mọ̀ yín ni.

8. OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ fi ọkàn sí ohun mẹ́ta. Èkíní, èdè kò sọ ènìyàn di ọmọ orílẹ̀-èdè, kò sì sọ ọ́ di àlejò. Èkejì, ẹni tó ti jẹ́ ọmọ Tógò nípa ìbí kò gbọdọ̀ lọ béèrè ohun tó ti ní. Ìwé ẹ̀rí ni kí ó lọ gbà. Ẹ̀kẹta, àlejò tó fẹ́ di ọmọ Tógò gbọdọ̀ béèrè, kí ó sì dúró de àṣẹ ìjọba. Títí àṣẹ náà yóò fi dé, kí ó má jẹ́ kí ìwé ìgbélé rẹ̀ kọjá ọjọ́.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

ààlà: ibi tí ilẹ̀ kan ti parí tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀
àlejò: ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ lójú òfin
ìwé ìgbélé: ìwé tó fún àlejò láyè láti gbé ní ìlú
ìgbàṣọmọ: kí orílẹ̀-èdè gba àlejò, kí ó sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀
décret: àṣẹ ìjọba tí a kọ sílẹ̀
certificat de nationalité: ìwé tó jẹ́rìí pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni ènìyàn
mérì: ilé ìjọba ìlú tí a ti ń kọ orúkọ ọmọ àti ìgbéyàwó sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ

1. Ní ọdún wo ni Jámánì àti Faransé fa ààlà tó pín àwọn Ifẹ̀ sí méjì?
2. Ọjọ́ mélòó ni ìjọba Gánà fún àwọn àlejò ní ọdún 1969?
3. Kí nìdí tí oníṣu ará Gnagna kò fi nílò naturalisation?
4. Ọdún mélòó ni òfin Tógò béèrè kí àlejò tó kọ̀wé? Mélòó ni ti Nàìjíríà?
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín carte de séjour àti certificat de nationalité?
6. Ẹ jíròrò láàárín ara yín: ṣé ó dára kí ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní ìlú kan ṣì máa jẹ́ àlejò? Kí ẹnìkan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹlòmíràn sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí oníkálukú sì sọ ìdí rẹ̀.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ kó gbogbo ìwé ìdílé yín jọ sórí ẹní: ìwé ìbí, kàádì, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìgbélé. Ẹ ka orúkọ yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín bí ẹ ṣe rí wọn gan-an, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé méjì kò bá bára mu, ẹ fa ìlà sí abẹ́ wọn. Bí ọmọ kan bá wà nínú ilé tí kò ní ìwé ìbí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí òkè pátápátá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú iṣẹ́ náà wá ní ìpàdé wa tó ń bọ̀.